Orí Kẹrin: Oògùn Tó Ń Sinmi

Kẹrẹ́! Kẹrẹ́! Ohùn àlùmọ́gàjí Bùọ̀dá Ṣítù ni. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún tí mo gbọ́ ọ gbẹ̀yìn, síbẹ̀ bí mo bá di ojú mi, mo ṣì ń gbọ́ ọ. Bùọ̀dá Ṣítù a jókòó sẹ́yìn tábìlì kẹ́míìsì rẹ̀, màmá mi a dá mi dúró síwájú rẹ̀, a ní, "Ọ̀fun ń dun ọmọ yìí, gé oògùn méjì-méjì fún un." Kẹrẹ́! Á gé kápúsù méjì kúrò lára káàdì, èyí tó pupa lápá kan tó sì yẹ́lò lápá kejì, á jù wọ́n sínú ọ̀rá pélébé, á fi hóró funfun kan sí i, á ní, "Ìyẹn fún ara ríro." Kò bèèrè ìwé dókítà. Kò ní kí n mí sínú nǹkan kan. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán, mo ti wà lórí pápá bọ́ọ̀lù.

Ohùn yẹn ló wà létí mi láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tí mo wọ kẹ́míìsì Ìbídùn. Oṣù mẹ́ta péré ni mo tíì lò nílé. Ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni mo fi wà ní Àbíjàn. Irun dúdú ni mo gbé lọ, ewú ni mo gbé bọ̀, mo sì bá Èjìgbò kan tí mo mọ gbogbo ọ̀nà inú rẹ̀ tí n kò mọ òfin rẹ̀ kan ṣoṣo. Ní Àbíjàn, ìyàwó mi ló ń bá ilé ìwòsàn sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ oògùn, títí tí ikú fi mú un lọ. Nítorí náà, nígbà tí mo rí àkọlé kẹ́míìsì ní òpópónà wa, ó dà bí ìgbà tí mo bá ojúlùmọ̀ pàdé lójú ọ̀nà.

Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ kan gàdàgbà sẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀: NÍHÌN-ÍN, ÌDÚRÓ NI KÍ Ẹ TI KÍ ARA YÍN. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo mi orí. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí!

"Ẹ káàárọ̀, bàbá," ọmọbìnrin tó wà nínú aṣọ funfun wí. Ó dúró ṣánṣán bí òpó iná.

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń kí mi ní Èjìgbò nìyí?"

"Ẹ má bínú, bàbá mi. Ẹ ò rí ohun tí wọ́n kọ sẹ́nu ọ̀nà ni? Bí a bá pàdé níta, màá kúnlẹ̀ fún yín débi tí ẹ ó fi sọ pé ó tó."

Lókè orí rẹ̀, ohun róbótó kan so rọ̀ mọ́ àjà, ó tóbi bí ẹyin ògòǹgò, ó ń tàn. Ó sọ̀rọ̀ ní ohùn jẹ́jẹ́ bíi ti àwọn tó ń ka ìròyìn: "Oníbàárà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mí sínú fèrè."

"Ta nìyẹn?"

"Ẹlẹ́rìí ni," Ìbídùn wí. "Ó ń ṣọ́ mi, ó ń ṣọ́ yín. Ẹ mí sínú fèrè yìí, yóò sọ ohun tó ń ṣe yín."

"Kò sóhun tó ń ṣe mí. Ẹ̀gbọ́n mi ni ara rẹ̀ kò yá. Tíṣà."

Ojú rẹ̀ yí padà. "Tíṣà wa? Kí ló ṣe wọ́n?"

Mo ṣàlàyé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹni ọdún mẹ́rinlélọ́gọ́rin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Tíṣà, fi ojúgun gbá irin ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹsẹ̀ náà wú, ó pọ́n, ó ń dán. Láti àná ara rẹ̀ gbóná débi tí n kò lè gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e lọ́rùn pẹ́. Mo ní, "Gé kápúsù méjì-méjì fún mi. Ti pupa àti yẹ́lò yẹn."

Ìbídùn rẹ́rìn-ín kí ó tó mọ̀ pé òun ń rẹ́rìn-ín. "Pupa àti yẹ́lò! Bàbá, ìyẹn ti kú kí wọ́n tó bí ìyá mi."

"Oògùn a máa kú?"

"Ẹ̀yin ará àtijọ́ lẹ lò ó títí tí kòkòrò fi ń fi í jẹ ẹ̀bà. Ìwọ̀nba apakòkòrò tó kù sí wa lọ́wọ́ ló wà níhìn-ín." Ó fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ka sí àpótí gíláàsì kan lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn káàdì oògùn tò sínú rẹ̀ bí ọmọ ìkókó lórí ẹní, wọ́n sì kọ ọdún sí ẹsẹ̀ ìkọ̀ọ̀kan. Èyí tó wà níwájú pátápátá, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé: MO Ń SINMI. Ẹ MÁ JÍ MI FÚN ỌDÚN MẸ́TA SÍ I.

"Bí ilẹ̀ oko ni, bàbá," ó wí. "Bí ẹ bá ń gbin ilẹ̀ kan lọ́dọọdún, ṣé kò ní ṣá? A fi wọ́n sílẹ̀ kí kòkòrò lè gbàgbé wọn."

"Ta ló wá lè jí wọn?"

"Ìwé dókítà. Àfi bí èèyàn bá ṣubú lulẹ̀ síwájú Ẹlẹ́rìí, tó fẹ́ kú mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ gbé Tíṣà lọ sí ilé ìlera. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ wọn, wọ́n á gbìn ín sínú abọ́ bí irúgbìn, bí kòkòrò bá hù níbẹ̀, wọ́n á kọ ìwé fún yín."

"Ọjọ́ mélòó ni yóò fi hù?"

"Ọjọ́ méjì."

Mo sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n mi ti búra pé òun kò ní débẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta ló wọ ilé ìlera yẹn, kò sí èyí tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde. Ó ní orí ibùsùn òun nílé ni òun yóò kú sí. Mo ní, "Ọmọ mi, méjì péré. Ta ni yóò mọ̀?" Ó ní, "Bàbá, kò ṣeé ṣe." Mo tún un sọ. Ó tún un sọ. Ó ń bẹ̀ mí bí ó ṣe ń kọ̀ fún mi, ìyẹn gan-an ló sì jẹ́ kí n mọ ibi tí mo ti lè mú un.

N kò lè fi ẹnu mi sọ pé n kò mọ ohun tí mo ń ṣe. Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, ohun kan wà tí ọmọ tí wọ́n bí ire kò lè dúró wò: kí àgbà dọ̀bálẹ̀ fún un. Wọ́n gbà pé kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ mọ́ nígbà náà, ó ti di èpè. Mo ká apá bùbá mi. Mo di etí tábìlì mú. Orúnkún mi dún, ó kan ilẹ̀, mo sì ń na àyà lọ sílẹ̀.

"Yéè! Bàbá! Ẹ má dán an wò! Níhìn-ín kọ́ o! Ẹ dìde, bàbá mi, ẹ dìde!"

Ẹlẹ́rìí sọ̀rọ̀ lókè orí wa, jẹ́jẹ́: "Oníbàárà ti ṣubú. Àpótí ti ṣí. Olóògùn, ẹ ní ìṣẹ́jú kan."

Gíláàsì náà mí "fùù", ó sì là sí méjì. Afẹ́fẹ́ tútù kàn mí lójú níbi tí mo dùbúlẹ̀ sí. Èmi rò pé Ọlọ́run ló dá sí i. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbìyànjú láti lóye àkọlé ẹnu ọ̀nà, kò sì tíì yé mi tán. Ìbídùn ti di apá mi méjèèjì mú, ó ń fà mí, mo sì sọ ara mi di òkúta.

"Ẹ dìde ná."

"Fún mi ní oògùn."

"Ẹ̀rọ yìí rò pé ẹ ń kú ni! Èmi mọ̀ pé ẹ ò kú!"

"N kò ní dìde."

Ó wo àpótí. Ó wò mí. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́, ó yọ káàdì kan, ó tì í bọ àpò mi bí ẹni tó ń ti ẹyin iná, àpótí sì pa ẹnu dé.

"Mẹ́rìnlá ni," ó sọ sí mi létí. "Kí wọ́n lò ó tán. Bí ara bá yá, kí wọ́n ṣì lò ó tán. Ṣé ẹ gbọ́?"

Mo ní mo gbọ́.

Nígbà tí mo délé, ẹ̀gbọ́n mi la ojú kan. "Mélòó ni wọ́n ní kí n lò, Àyìnlá?"

"Méjì," mo wí, nítorí méjì-méjì ni mo mọ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé mi.

Ó gbé méjì mì. Nírọ̀lẹ́ ara rẹ̀ rọ̀, ó bèèrè ẹ̀kọ tútù, ó ní kí n fi ata sí mọ́ínmọ́ín lọ́jọ́ mìíràn. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ó tún lo méjì kí àìsàn náà lè lọ pátápátá. Lẹ́yìn ìyẹn ó ka mẹ́wàá tó kù, ó fi wọ́n sábẹ́ ìrọ̀rí. "Èèyàn kì í fi oògùn ṣòfò," ó wí. "Èyí á wúlò fún ẹlòmíràn." Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín bí ọmọdé tó jí ṣúgà jẹ, pé a ti gbọ́n ju ẹ̀rọ lọ.

Kí oòrùn ọjọ́ náà tó rọlẹ̀, ibà náà padà dé. Mo bá a lẹ́bàá ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀, kò mọ orúkọ mi mọ́. Àwọn aládùúgbò pe ọkọ̀ ìlera. Ẹnu ọ̀nà ilé ìlera ni wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, dókítà kan tó ń jẹ́ Máyọ̀kún sì bi mí pé, "Bàbá, ṣé wọ́n ti lo apakòkòrò kankan?"

Ojú Ìbídùn wá sí mi lọ́kàn. Mo ní, "Rárá o."

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni Dókítà Máyọ̀kún pè mí síta. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ojú rẹ̀ ti wọlé nítorí àìsùn. Ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ màmá kò hu nǹkan kan."

"Ìyẹn dára, àbí?"

"Kò dára. Ẹsẹ̀ yẹn kì í ṣe ẹsẹ̀ ẹni tí kòkòrò kò sí lára rẹ̀. Àmọ́ òfin kò gbà mí láyè láti jí oògùn fún ohun tí n kò rí. Bí kò bá sí ohun tó hù títí di ọ̀la, wọ́n á ní kí n dá wọn padà sílé." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí dáadáa. Bí wọ́n bá ti fẹnu kan apakòkòrò, bó ṣe wù kó kéré mọ, ẹ̀jẹ̀ wọn kò lè hu nǹkan kan. Màá wá a gba ọ̀nà mìíràn. Àmọ́ mo ní láti mọ èyí tí wọ́n lò."

Ètè mi ṣí. "Kò lo nǹkan kan," ni mo gbọ́ tí ẹnu mi sọ.

Bí ó ti ń lọ ni ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn-ọwọ́ mi gbọ̀n. Ìlẹ̀kẹ̀ yìí, wọ́n so ó mọ́ mi lọ́wọ́ ní bódà lọ́jọ́ tí mo wọ̀lú, èmi àti rẹ̀ kò sì tíì mọwọ́ ara wa. Ó sọ̀rọ̀: "Láti ọ̀dọ̀ Ìgbìmọ̀ Ìsinmi Oògùn. Ẹlẹ́rìí sọ pé ẹ ṣubú ní kẹ́míìsì lọ́jọ́ Ajé, olóògùn sì jí oògùn fún yín. Ṣé ẹ ṣubú? Ṣé ẹ̀yin lẹ lò ó? Ẹ dáhùn kí aago méjìlá tó lù. Bẹ́ẹ̀ ni, tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́."

"Tí èèyàn bá dọ̀bálẹ̀ ńkọ́?" mo bi í.

"Èsì yín kò yé mi. Ṣé ẹ ṣubú?"

"Orúnkún mi kan ilẹ̀."

"Èsì yín kò yé mi. Bẹ́ẹ̀ ni, tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́."

Èmi náà, èsì mi kò yé mi. Mo wọlé lọ bá ẹ̀gbọ́n mi.

Ó ti jí. Ojú rẹ̀ mọ́, àmọ́ ètè rẹ̀ ti bó. "Àyìnlá," ó wí, "àwọn ọmọ yìí ní kò sóhun tó ń ṣe mí. Ara mi ń gbóná bí ààrò, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi mọ́. Ṣé kí n yọ̀ ni?"

Mo tẹ̀ sí i létí. "Ẹ̀gbọ́n mi, oògùn tí ẹ lò lọ́jọ́sí ló ń bo kòkòrò náà mọ́lẹ̀. Mo fẹ́ sọ fún wọn."

Ó di ìka mi mú. Agbára ṣì wà lọ́wọ́ yẹn. "Tí o bá sọ, kí ni wọ́n máa fi Ìbídùn ṣe?"

"Wọ́n á gba ìwé-àṣẹ rẹ̀. Kò ní fọwọ́ kan oògùn mọ́ láyé."

"Èmi ni mo kọ́ ọmọ yẹn ní ìṣirò. Ó máa ń sunkún lórí ìdá kan nínú mẹ́ta. Ó jókòó tì mí ní gbogbo ìsinmi ọdún kan títí ó fi yé e." Ó mí. "Má dárúkọ rẹ̀. Mo ti pé ọgọ́rin ó lé. Ta ni yóò sọ pé mo kú lọ́mọdé?"

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀."

"Àbí irọ́ ló wá ń le fún ọ? Ìwọ tó jẹ ẹran ọdún tán nínú ìkòkò tó ní ológbò ni, nígbà tí a ò ní ológbò kankan nílé?"

Mo rẹ́rìn-ín, omi bọ́ lójú mi. Nígbà tí mo gbójú sókè, ó ti tún sùn, àyà rẹ̀ ń lọ sókè-sódò kíákíá bí ti ẹyẹ tí wọ́n dì mọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì kan dé, ó gbé aṣọ tútù mìíràn lé e níwájú orí.

Aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀ nígbà tí mo dé iwájú kẹ́míìsì. N kò wọlé. Ìbídùn rí mi láti inú, ó jáde sínú oòrùn, ó sì kúnlẹ̀ lórí òkúta wẹẹrẹ, ó fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ dáadáa.

"Ẹ káàárọ̀, bàbá. Wọ́n ti kàn sí yín?"

"Wọ́n ti kàn sí mi."

"Ẹ ti dáhùn?"

"Rárá."

"Ẹ sọ pé ẹ ṣubú. Orúnkún yín kan ilẹ̀ àbí kò kàn án? Ó kàn án. Kí ni ìṣubú tún ń jẹ́? Bàbá, kì í ṣe ẹ̀yin àkọ́kọ́. Àwọn èèyàn mọ̀ pé ìkúnlẹ̀ máa ń ṣí àpótí yẹn. Ìdí tí wọ́n fi kọ ọ́ sẹ́nu ọ̀nà nìyẹn. Bí olóògùn bá rí i pé ìkíni ni, òfin ní kí ó ká ọwọ́ rẹ̀ mọ́ra títí àpótí yóò fi pa dé. Èmi ni n kò ká ọwọ́ mi mọ́ra." Ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. "Tíṣà ńkọ́? Wọ́n ti ń na ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀?"

"Ó wà ní ilé ìlera."

Ẹ̀rín náà kúrò. "Wọ́n lò ó tán?"

"Mẹ́rin ló lò."

"Mẹ́rin! Bàbá, mo ní mẹ́rìnlá! Mo sọ ọ́ sí yín létí!"

"Ara rẹ̀ yá ni. A fi ìyókù pamọ́."

"Ẹ fi pamọ́ fún ta ni? Kòkòrò náà kò kú, ẹ kàn jí i ni, ẹ nà án díẹ̀, ẹ jẹ́ kó lọ!" Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ẹ̀jẹ̀ wọn ńkọ́?"

"Kò hu nǹkan kan."

"Kò lè hu nǹkan kan. Ẹ sọ ohun tí wọ́n lò fún dókítà?"

Mo ń wo àkọlé ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

"Bàbá. Kí lẹ sọ fún dókítà?"

"Mo ní kò lo nǹkan kan. Lẹ́ẹ̀mejì."

"Nítorí mi?"

"Nítorí rẹ."

"N kò rán yín níṣẹ́ yẹn," ó wí. Ó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ọkùnrin kan gun kẹ̀kẹ́ kọjá, ó kí wa. Ìbídùn ń wo ilẹ̀, ó ń fi ìka ṣa òkúta kan, ó ń jù ú, ó ń ṣa òmíràn. Mo ti fẹ́ sọ pé, ọmọ mi, kí ni kí n ṣe? Ó gbé ọwọ́ sókè kí ọ̀rọ̀ náà tó jáde.

"Ẹ má bi mí. Bí ẹ bá bi mí, màá bẹ̀ yín. Ẹ̀yin náà sì mọ ohun tí ẹ̀bẹ̀ máa ń mú èèyàn ṣe."

Ó dìde, ó gbọn eruku kúrò lórúnkún, ó sì wọlé. Mo rí i láti ìta bó ṣe dúró sẹ́yìn tábìlì rẹ̀, tó ń to àwọn ìgò ìpara tí wọ́n ti tò tẹ́lẹ̀.

Mo rìn dé abẹ́ igi máńgòrò tó wà lódìkejì títì. Ìlẹ̀kẹ̀ tún gbọ̀n: "Ṣé ẹ ṣubú? Bẹ́ẹ̀ ni, tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́." Mo ronú pé bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ yìí yóò ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ́la, ẹ̀gbọ́n mi yóò sì wá sílé láti kú lórí ibùsùn rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ṣe búra, a ó sì pè é ní ikú àgbà, àwọn èèyàn yóò sọ pé ó lo ayé pẹ́. Kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni mo sọ nínú ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Ajé: ta ni yóò mọ̀?

"Ìwọ ìlẹ̀kẹ̀," mo wí, "ṣé kò sí èèyàn kankan lẹ́yìn rẹ?"

"Bí ẹ bá fẹ́ kí èèyàn gbọ́ yín, ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́. Ta ni ẹ fẹ́ kí ó gbọ́?"

"Àwọn Ìgbìmọ̀. Àti Dókítà Máyọ̀kún ní ilé ìlera. Ní ẹ̀ẹ̀kan náà."

"Ẹ máa sọ."

Mo bẹ̀rẹ̀, mo dákẹ́, mo ní kí ó pa á rẹ́. Mo tún bẹ̀rẹ̀, mo rí i pé ara mi ni mo ń gbè lẹ́yìn, mo ní kí ó pa ìyẹn náà rẹ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo fi ránṣẹ́, òun sì nìyí:

"Dókítà, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ tiyín. Mo purọ́ fún yín lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀gbọ́n mi lo apakòkòrò: kápúsù méjì láàárọ̀ Ajé, méjì láàárọ̀ Ìṣẹ́gun, kó tó di pé ẹ gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Mẹ́wàá tó kù wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ nílé, orúkọ oògùn náà wà lára káàdì, ilẹ̀kùn kò ní kọ́kọ́rọ́, ẹ rán ẹni tó lè sáré. Ẹ̀yin Ìgbìmọ̀, n kò ṣubú. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ tí mo lè bí ìyá rẹ̀, mo sì kọ̀ láti dìde títí ó fi fún mi. Ó ti kọ̀ fún mi lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ bi àwọn àgbà tó wà láàárín yín bóyá àwọn náà ìbá lè dúró wò ó. Ohun tí òfin bá ní kí ẹ fi í ṣe, ẹ pe èmi náà síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n jókòó tì í. Àmọ́ ìyẹn lè dúró di ọ̀la. Dókítà, ibùsùn kẹrin ni, lápá òsì, lẹ́bàá fèrèsé. Ẹ máa sáré."